Etí Ìjọba Wà Láyà Ọmọ Rẹ

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìdúró, wá ibi jókòó sí, torí ó gùn. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń jẹun, ṣé o ń sùn, ṣé ọ̀gá rẹ obìnrin tó máa ń fajú ro yẹn ti ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ọlọ́run tó jẹ́ kí n rí pẹ́ńsù mi lẹ́yìn etí ara mi láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn tí mo ti tú gbogbo ṣọ́ọ̀bù wá a, òun náà ni kò ní jẹ́ kí o máa wá ohun tó wà lára rẹ kiri ìlú. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ á gbà ọ́. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ tí ò ń tọ́, wọn ò ní ṣubú mọ́ ọ lọ́wọ́, wọn ò sì ní fìka gún ọ lójú. Àmín.

Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní ọ̀rọ̀ pàtàkì kan wà tí n kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ sọ, torí bí mo bá ti sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, o ò ní ka ìyókù mọ́. Mo ní kò burú. Nítorí náà mo bẹ̀ ọ́, má ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn wò. Mo mọ̀ ọ́ láti kékeré, ìsàlẹ̀ ìkòkò lo máa ń kọ́kọ́ rò wò bóyá ẹran wà níbẹ̀.

Nílé níbí, òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi jò lójú méjì, mo ti dí ọ̀kan. Òbúkọ aládùúgbò wa tún wọlé wá jẹ ìwé tí mo kọ ìwọ̀n ilẹ̀kùn oníbàárà kan sí, ni mo bá fi ìrántí kan ilẹ̀kùn náà, ó sì kéré ní ìka mẹ́ta. Oníbàárà ní kí ni kí òun fi àlàfo náà ṣe. Mo ní afẹ́fẹ́ dára fún ara. Télọ̀ tó wà ní iwájú ilé wa kí ọ, ó ní aṣọ tí o ní kí òun rán ṣì wà lọ́dọ̀ òun, òun kàn ń jẹ́ kó sinmi ni.

Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ìyá rẹ ti ń ṣe jẹ́lé-ó-sinmi, ti kún bámú. Àwọn tó ń lọ sóko àti àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń já ọmọ sí ní ìdájí. Bí ọ̀kan bá ń sunkún, èkejì á ràn án lọ́wọ́. Ìyá rẹ kò fi ẹyọ ẹgba kan bá ẹnikẹ́ni wí, orin ló fi ń darí wọn, bí ó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ orin ìfọwọ́, èmi náà á gbé òòlù sílẹ̀, n ó lọ fọwọ́ mi kí n tó rántí pé kì í ṣe èmi ló ń bá wí.

Ọmọ rẹ, ìyàwó mi kékeré, wà láàárín wọn, ara rẹ̀ le koko. Ó ń jẹun, ó ń sáré, ó ti ga dé ìdajì tábìlì mi. Àmọ́ o mọ ohun tó wà nílẹ̀. Oṣù mẹ́ta lo ní kó lò lọ́dọ̀ wa nígbà tí o ríṣẹ́ sí ìlú ńlá, ó ti di ọdún kan àtààbọ̀ báyìí, ó kù díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, kò sì fọhùn. Etí rẹ̀ kò di, torí bí ènìyàn bá ń tú páálí bisikíìtì nínú yàrá, láti ẹ̀yìn ilé ni yóò ti gbọ́. Ẹnu ni kò ṣí. O kọ̀wé sí wa pé bí ọdún bá yí tí kò sọ̀rọ̀, o ń bọ̀ wá mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, bí o tilẹ̀ jẹ́ pé o ò mọ ibi tí wàá fi í sí bí o bá lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọ egungun. Jẹ́lé-ó-sinmi ni ìwọ náà ti ń ṣiṣẹ́, ogún ọmọ lo ń nu imú wọn lójúmọ́, tìẹ nìkan ni wọn ò gbà kó wọlé, àfi bí o bá san iye tí àwọn olówó ń san, owó oṣù rẹ kò sì tó o. Mo ti rí káfíńtà tí kò ní àga nílé rí, èmi gan-an ni, àmọ́ ti àga kò dunni tó ti ọmọ.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ lórí fóònù télọ̀ nìyí. Ìgbà tí o pè kẹ́yìn, lẹ́yìn tí ohùn rẹ dákẹ́, ọmọ náà gba fóònù, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá ibẹ̀ lo wà. Ó mì í. Ó fi í sílẹ̀, ó lọ wo abẹ́ tábìlì télọ̀. Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá rẹ ní kí ẹnikẹ́ni má gbé nǹkan burúkú yẹn sún mọ́ ọn mọ́.

Ó dáa, kí n wá sọ ti àlejò wa. Ní ọjọ́ Ajé kan ni ọmọbìnrin kan dé, ó gbé báàgì pọ̀n bí ẹni pọn ọmọ, ó kí wa dáadáa, orúnkún rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀. Ó ní láti ilé ẹ̀kọ́ gíga ni òun ti wá, ìwádìí ni òun ń ṣe. Ó ní Ìjọba fẹ́ ṣe òfin tuntun nípa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ àti ìdílé wọn àti àwọn tó ń tọ́jú wọn, Ìjọba kò sì fẹ́ fi àbá ṣe é, ni wọ́n ṣe ní kí òun wá fi ojú ara òun rí bí nǹkan ṣe ń lọ. Inú mi dùn. Mo ní Ìjọba ti wá gbọ́n bíi káfíńtà nìyẹn, ó fẹ́ wọn pákó kó tó gé e.

Ló bá fún wa ní ìwé kan pé kí a fọwọ́ sí i. Ó ní ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé bí a kò bá fẹ́ mọ́, ìgbàkígbà la lè jáde kúrò nínú ìwádìí náà, ẹnikẹ́ni kò ní bínú. Ọmọ mi, ẹ̀rù bà mí. Ilé wo ni ènìyàn ń wọ̀ tí onílé á kọ́kọ́ fi ọ̀nà àbájáde hàn án kó tó fún un ní àga? Mo bi í bóyá nǹkan ń jáni nínú rẹ̀. Ó ní rárá. Mo fi àmì tí mo máa ń fi sí ìdí àga sí i, torí ìyẹn ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ mi.

Ó wá mú fọ́ọ̀mù jáde. Ó bi ìyá rẹ pé ọmọ mélòó ló ń tọ́jú. Ìyá rẹ ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, àwọn nìyí, kó fi ojú rẹ̀ wò wọ́n. Wọn ò sì dúró lójú kan kó tó kà wọ́n. Ọmọbìnrin náà kò bínú, ó rọra jáde lọ ka bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó pín in sí méjì, ló bá ku àbọ̀ ọmọ, torí ọmọ alágbẹ̀dẹ kì í wọ̀ ju bàtà kan wá. Ó béèrè ta ni olórí ilé. Mo ní èmi ni. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín, mo sì ní kó máa bá ti fọ́ọ̀mù lọ. Ó béèrè ìwé mélòó ló wà nílé. Mo ní mẹ́ta, ìwé ìwọ̀n mi, ìwé tó bá fóònù télọ̀ wá tó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, àti ìwé kẹta tí òbúkọ ti jẹ.

Lẹ́yìn náà ló béèrè ọ̀rọ̀ tó bí mi nínú. Ó ní wákàtí mélòó ni bàbá ilé fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ lójúmọ́. Mo ní ọ̀rọ̀ wo? Ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ fẹ́ ra tábìlì ni? Mo ní bí mo bá ní kó kúrò nídìí ayùn, ó máa ń kúrò, ìyẹn tó. Ó kọ òdo sílẹ̀. Mo rí i. Òdo rogodo.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni pé ó ní kí a máa ṣe iṣẹ́ wa bí a ṣe ń ṣe é, kí a ṣe bí ẹni pé òun kò sí níbẹ̀. Ìyá rẹ fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní ọmọ ọlọ́mọ, tí a kò tíì fún lómi mu, ń fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò sí! Ó ní wàá wà, wàá pẹ́, wàá dàgbà kọjá èmi. Ọmọbìnrin náà ṣe àmín, ó tún ní ṣùgbọ́n kí a ṣáà ṣe bí ẹni pé òun kò sí. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn? Ẹni tí a bá ń bínú sí nìkan là ń rí tí a ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Nígbà tí ìyá rẹ ro ó títí, ó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ láìwò ó lójú, ó gbé omi tì í, ó wá kọjú sí ògiri, ó ní kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ máa jẹun o. Láti ọjọ́ náà la ti ń pè é ní Àǹtí Ẹ-má-wò-mí.

Lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo ba nǹkan jẹ́, mo gbà. Mo kó àwọn ọmọ jọ kí Àǹtí tó dé. Mo sọ fún wọn pé ẹni ńlá ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ Ìjọba, pé ọmọ tó bá gbẹ́kọ̀ọ́ kì í la ẹnu níwájú àgbà, ẹni tó bá dákẹ́ títí di ọ̀sán, n ó gbẹ́ ẹṣin igi fún un. Ọmọ mi, o ò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n jókòó lórí ẹní, wọ́n ká ọwọ́ gbera, wọ́n dákẹ́ bí àpò sìmẹ́ǹtì. Ìyá rẹ kọrin títí, ẹnì kan kò gbè é. Èmi ń yọjú láti ṣọ́ọ̀bù, orí mi ń wú. Àǹtí kọ̀wé díẹ̀, ó dúró, ó tún kọ díẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó wá bá mi, ó rọra béèrè bóyá àìsàn ń bá àwọn ọmọ náà jà.

Mo ní àìsàn kẹ̀? Ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn. Ló bá jókòó lórí àpótí mi, ó ṣàlàyé. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ gan-an ni òun wá gbọ́, pé ọ̀rọ̀ tí a bá ń bá ọmọ sọ, tí òun náà ń fèsì, òun ni oúnjẹ ọpọlọ rẹ̀, ẹni tó bá sì ń fún wọn ní oúnjẹ yẹn lójoojúmọ́, bí ìyá rẹ, ni Ìjọba fẹ́ mọ̀ kí wọ́n lè ràn án lọ́wọ́. Mo wo ìwé rẹ̀. Ó ti kọ òdo mìíràn. Òdo méjì lọ́jọ́ méjì, èmi ni mo sì ni méjèèjì. Mo gbẹ́ ẹṣin igi fún gbogbo wọn, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa pariwo. Wọn ò jẹ́ kí n bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Àǹtí wá mú ẹ̀rọ kékeré kan jáde, kò ju páálí ìṣáná lọ. Ó mú ẹ̀wù kékeré kan tó ní àpò láyà, ó wọ̀ ọ́ fún ọmọ rẹ, ó ki ẹ̀rọ náà sínú àpò. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni yóò fi máa wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, pé ẹ̀rọ náà ń gba gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń sọ nítòsí ọmọ náà, ohun tó bá kó jọ ni wọ́n máa gbé lọ fún Ìjọba.

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ìjọba ti gbé etí rẹ̀ sí àyà ọmọ rẹ. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń wá ọ̀nà bí ọ̀rọ̀ mi yóò ṣe dé ibẹ̀, tí wọ́n ń ní kí n lọ kí n bọ̀, kí n mú fọ́tò wá, kí n wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, etí náà ni wọ́n gbé wá bá mi nínú ilé yìí, ó ga dé ìdajì tábìlì mi!

Bí Àǹtí ṣe padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ báyìí, mo pe ọmọ náà sínú ṣọ́ọ̀bù. Mo kúnlẹ̀ nínú èérún pákó, kí ẹnu mi lè bá àpò náà dọ́gba. Mo ní Ìjọba, ẹ kú iṣẹ́ o, káfíńtà ni. Ènìyàn kì í sì bá ẹni ńlá sọ̀rọ̀ kó máa rọ́ ọ lọ bí òjò. Bí o bá sọ ọ̀kan, wàá dákẹ́, wàá wo ojú rẹ̀ bóyá ó fẹ́ fèsì, kí o tó sọ òmíràn. Níwọ̀n ìgbà tí n kò rí ojú Ìjọba, ojú ọmọ náà ni mo ń wò. Òun náà ń wo ẹnu mi.

Mo kọ́kọ́ sọ ti ọ̀nà tó bàjẹ́. Mo dákẹ́. Mo sọ ti pákó tó ń wọ́n sí i. Mo dákẹ́. Mo wá rò ó pé Ìjọba lè má mọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ni mo bá ń mú irinṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń gbé e sí iwájú àpò náà, mo ní èyí ni ìfági, ó ń mú kí igi jọ̀lọ̀, ẹ fọwọ́ kàn án. Ọmọ náà fọwọ́ kàn án. Mo ní èyí ni ìṣó, èyí ni ayùn, ẹ má fọwọ́ kan ìyẹn. Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá jí, ohun tí n ó bá Ìjọba sọ ni mò ń rò. Bí mo bá jẹun tán, n ó sọ ohun tí mo jẹ fún Ìjọba, kí wọ́n má bàa rò pé mo ń purọ́ nígbà tí mo bá ní ẹran kéré.

Ọkùnrin kan tó wá gba bẹ́ǹṣì rẹ̀ bá mi lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ọmọ náà, mò ń sọ pé ohun tí mò ń tọrọ kò pọ̀, ẹ ṣàánú wa. Ó fẹ̀yìn rìn jáde jẹ́jẹ́. Mo gbọ́ pé ó sọ fún télọ̀ pé kí wọ́n tètè ránṣẹ́ sí ọ. Bí télọ̀ bá ti kọ ohunkóhun sí ọ, má dá a lóhùn, ara mi yá.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ọmọ náà ń wò mí lásán. Lọ́sẹ̀ kejì, bí mo bá ti dákẹ́ báyìí, yóò mi orí. Nígbà tó yá ó ń ní hùn-ún. Mo sọ fún ìyá rẹ pé akọ̀wé Ìjọba ti ń fèsì. Ìyá rẹ kàn ń wo àwa méjèèjì, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mọ ohun tí èmi kò tíì mọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo tó mú ọ̀rọ̀ rẹ lọ síbẹ̀, torí òun ló wúwo jù, mo sì fẹ́ kí a ti mọwọ́ ara wa. Mo ní Ìjọba, mo ní ọmọbìnrin kan ní ìlú ńlá. Àwọn ọmọ yín ló ń tọ́, ó ń kọ́ wọn lórúkọ àwọ̀, ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan fún ara wọn. Mo ní ṣé ẹni tó ń tọ́ ọmọ gbogbo ayé kò yẹ kó rí ibi tọ́ tirẹ̀ ni? Mo ní ẹ bá mi wò ó, màmá ọmọ yìí dà? Mo dákẹ́. Ọmọ náà kò mi orí, kò ní hùn-ún. Ó kàn ń wò mí. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí ọ̀sẹ̀ fi parí.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, Àǹtí bọ́ ẹ̀wù àti ẹ̀rọ, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó pè wá. Ìlà ló wà níbẹ̀. Ó ní ti ilé wa nìyí. Lọ́jọ́ kìíní ó sùn sílẹ̀ bíi pákó. Nígbà tó yá ó ń gòkè, ó ń gòkè, bí ẹni gbé àkàbà ti òrùlé. Ó ní nínú gbogbo ilé tí àwọn dé, àwọn kò tíì rí irú rẹ̀, ta ló ń bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀ tó báyìí? Ìyá rẹ fi ẹnu tọ́ka sí mi. Mo tún ẹ̀wù mi ṣe. Mo ní ó dáa, kí ni Ìjọba wá sọ nípa ọ̀nà, àti nípa ọmọbìnrin mi?

Àǹtí wò mí. Ó ní Bàbá, ẹ má bínú, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ. Ó ní ẹ̀rọ náà kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́, iye ìgbà tí àgbà sọ̀rọ̀ tí ọmọ fèsì ló ń kà, á wá pa ohùn rẹ́, kí àṣírí ìdílé má bàa tú.

Ọmọ mi, mo jókòó lórí ilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Gbogbo ohun tí mo sọ, wọ́n kàn kà á ni! Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ìró fi fẹ́ẹ̀ tú nídìí rẹ̀. Mo dìde, mo lọ sí ìkangun ṣọ́ọ̀bù, mo mú ìfági, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fá igi tí mo ti fá tán láti àná. Ọ̀nà kọ́ ló dùn mí. Ọ̀rọ̀ rẹ ni.

Ó dáa, a ti dé ojú ìwé tó kẹ́yìn, ìyá rẹ ní mo lè sọ ọ́ báyìí.

Mo ń fá igi lọ ni nǹkan fà mí ní ṣòkòtò. Ìyàwó mi kékeré ni. Ó ti lọ gbé ẹ̀wù náà níbi tí Àǹtí fi í sí, ó ti fi orí bọ̀ ọ́, ó wọ̀ ọ́ sódì. Kò sí nǹkan nínú àpò. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣí àpò náà, ó tẹ orí ba, ó kó ẹnu sínú rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó ní, Jọba, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó dákẹ́. Ó ní, màmá mi dà?

Ó wá gbé ojú sókè, ó dákẹ́, ó ń retí èsì, bí mo ṣe kọ́ ọ.

Mo sunkún, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín, èérún pákó lẹ̀ mọ́ mi lójú. Ìyá rẹ sáré wọlé, ó gbé e, ó jó yí tábìlì ká, àwọn ọmọ yòókù tẹ̀ lé e, wọ́n ní Jọba, ẹ kú iṣẹ́ o, wọn ò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àǹtí tó ní òun kò sí níbẹ̀, ó wà níbẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ náà, fọ́ọ̀mù ló fi ń nu ojú.

Nígbà tí ara wa balẹ̀, Àǹtí mú ìwé mìíràn, ó ní kí n sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún òun gan-an, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ló fi kọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ó ní àwọn bíi tìẹ pọ̀, tó ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ tí tiwọn wà lọ́nà jíjìn, pé àwọn máa fi í sínú ohun tí àwọn ń gbé lọ síwájú àwọn aṣòfin. Kò ṣe ìlérí, ó ní ìwádìí kì í yára bí ayùn. Mo ní èmi náà mọ̀ bí gúlù ṣe ń pẹ́ kó tó gbẹ. Àmọ́ wọ́n ti kọ́kọ́ gbà láti fún ìyá rẹ ní ẹ̀kọ́ oṣù kan, kí ó lè gba ìwé ẹ̀rí olùtọ́jú ọmọ. Ó ń bi mí bóyá òun ló máa kọ́ wọn tàbí àwọn ló máa kọ́ òun. Wọ́n sì ní kí n kan àga kéékèèké fún yàrá náà. Wọ́n béèrè pé mélòó. Mo ní kí wọ́n lọ ka bàtà.

Ọmọ náà kò dákẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ń bá òbúkọ sọ̀rọ̀, ó ń sọ fún mi pé kí n má fọwọ́ kan ayùn. Lánàá ó pe télọ̀ ní ìṣó. Bí ó bá ti ń sọ̀rọ̀, ìwọ ni mò ń rántí. Nígbà tí o wà ní ìwọ̀n rẹ̀, nídìí tábìlì yìí kan náà lo máa ń jókòó, o máa ń wo ẹnu mi. Gbé omi wá, kúrò níbẹ̀, lọ sùn, ohun tí mo bá ọ sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rò pé iṣẹ́ ni mo ń ṣe fún ọ. Òdo tí Àǹtí kọ yẹn, tìẹ ló kọ́kọ́ jẹ́. Má bínú sí mi. Ohun tí mo mọ̀ nígbà náà ni mo ṣe.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ owó. Ojú mi ń ṣe bàìbàì, mo nílò ìgò ojú. Ojú kejì òrùlé ń dúró de páànù. Ìṣó ti tán. Ìyá rẹ ní òun nílò bàtà tí òun máa wọ̀ lọ gba ìwé ẹ̀rí. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí o lè fi owó ránṣẹ́. Àmọ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́, ìyàwó mi kékeré wà lábẹ́ ọwọ́ mi níbí, ó ṣí àpò ẹ̀wù tí Àǹtí fi sílẹ̀ fún un, ó tún ń béèrè ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà lọ́wọ́ Ìjọba. Nítorí náà, má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Afẹ́fẹ́ dára fún ara, òrùlé lè dúró. Owó tó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi wọ ọkọ̀. Bí o bá lè mú un lọ, n ó di ẹrù rẹ̀ fúnra mi. Bí kò bá tíì ṣeé ṣe, wá lo ọjọ́ méjì péré, kó rí ẹnu rẹ.

Ọ̀nà tí wàá gbà kò ní hu gbégi. Awakọ̀ rẹ kò ní sùn. Ọ̀gá rẹ á fún ọ láyè kí o tó tọrọ rẹ̀. Iṣẹ́ ọmọ tí ò ń ṣe, ó máa mú ọmọ tìẹ sún mọ́ ọ. N ó fọwọ́ mi kan ibùsùn yín méjèèjì, kò ní kéré ní ìka mẹ́ta.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà. Àmì mi nìyẹn nísàlẹ̀, èyí tó dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ rẹ ló fà á.

Ó ti béèrè, ó sì ti dákẹ́, ó ń wo ojú mi. Ìjọba kò tíì fèsì. Ìwọ fèsì.